Àwọn Olùdámọ̀ràn Òǹkọ̀wé Ìtàn Àròsọ Yorùbá: Láti Akéde Èkó dé Ìkòtún

Ìbéèrè tí mo gbé wá kò gùn. Bí ẹnì kan bá wà ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìgàndó lónìí, tí ó fẹ́ kọ ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá, níbo ni yóò ti rí ìmọ̀ràn tí yóò wúlò fún un? Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kí ó lọ wá ìwé tí ń kọ́ni ní òfin ìtàn kíkọ. N kò kẹ́gàn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn lítíréṣọ̀ wa wò fínnífínní, a ó rí i pé òǹkàwé ni olùdámọ̀ràn tí ó lágbára jù lọ. Irú ẹni tí òǹkọ̀wé bá gbà pé yóò ka ìwé òun ni ó ń darí ọwọ́ rẹ̀.

Olóòtú àti àwọn tí ń ra ìwé ìròyìn

Láàárín 1922 sí 1928, ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ sí i gidigidi ní Èkó. Adéoyè Dẹ́nígà dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní 1922, E. A. Akíntán dá Ẹlẹ́tì Ọfẹ sílẹ̀ ní 1923. Nígbà tí ó di 1928, Isaac Babalọlá Thomas bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó. Àwọn tí ó mọ Yorùbá kà nígbà náà kò tó nǹkan, àwọn kan náà ni gbogbo olóòtú sì ń lé kiri. Olóòtú tí àwọn òǹrajà rẹ̀ kò bá fẹ́ mọ ohun tí yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, gbèsè ni yóò fi jẹ oyè.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Obìnrin náà ti fi ẹwà rẹ̀ jayé láàárín àwọn ọkùnrin Èkó, àìsàn sì ti wá dá a gúnlẹ̀. Ó ń sọ ìgbésí ayé rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi í kọ́gbọ́n. Thomas kò pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé. Olóòtú tí ó ń gba lẹ́tà ni ó fi ara rẹ̀ hàn sí aráyé. Àwọn lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, a sì sọ wọ́n di ìwé ní ọdún yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó gbà pé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá nìyí. Ní 2012, Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Kò sí ìtàn àròsọ Yorùbá kankan nílẹ̀ tí Thomas lè wò ṣe àwòkọ. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó kọ́ ọ. Nítorí pé lẹ́tà ni, ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni a ń gbọ́, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, orin ìlú àti orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nítorí pé ará Èkó ni ó ń kà á, àwọn òpópó àti àdúgbò tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni ó dárúkọ. Nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì, ó ní láti mọ ibi tí yóò dá ọ̀rọ̀ dúró sí tí etí yóò fi máa yún àwọn ènìyàn. Èyí wọ àwọn òǹkàwé lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi kọ̀wé sí olóòtú láti bá Sẹ̀gilọlá kẹ́dùn. Akíntán náà kò kẹ́yìn: ní 1931 ó tẹ ìtàn ọmọ òrukàn kan jáde.

Olùkọ́ àti ilé ìwé

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà gba ọ̀nà mìíràn. Olùkọ́ ni, ní Ọ̀yọ́, nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ni ó tì í sí i, ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ni ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ọ̀rọ̀ ìyànjú pọ̀ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti lè retí láti ọwọ́ olùkọ́. Síbẹ̀, Fágúnwà kò gbàgbé agbo alálọ̀ọ́. Nínú ìwé náà, ọdẹ náà fúnra rẹ̀ ni ó wá sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sú a dá ọ̀rọ̀ dúró, bí ó bá di ọjọ́ kejì èrò tún pọ̀ sí i. Ohun tí ìwé ìròyìn kọ́ Thomas ni àlọ́ kọ́ Fágúnwà.

Ní 1960, Fágúnwà kọ àròkọ kan lórí bí a ti ń kọ ìtàn àròsọ. Ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́, Teacher's Monthly, ni ó ti jáde. Ibi tí ìmọ̀ràn náà ti jáde fi ohun tí ó ti yí padà hàn wá. Ní 1929 ìdí àtẹ ìwé ìròyìn ni a ti ń dán ìtàn wò. Nígbà tí ó fi di 1960, ilé ìwé ti gba iṣẹ́ náà. Ilé ìwé ṣe wá lóore púpọ̀, nítorí pé ìwé tí ó bá wọ inú ètò ẹ̀kọ́ yóò tà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í yan ìwé tí yóò kà. Bí ìtàn kò bá tilẹ̀ dùn, yóò kà á nítorí ìdánwò. Òǹkọ̀wé tí kò ní òǹkàwé mìíràn kò ní ẹni tí yóò sọ fún un pé ọbẹ̀ kò níyọ̀.

Àwọn tí ó wá òǹkàwé lẹ́yìn ìdánwò

Àwọn kan mọ ewu yìí. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ Àjà L'ó L'ẹrù jáde ní 1969, ó sì fi Làpàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, lé àwọn ọ̀daràn kiri. Kọ́lá Akínlàdé gba ọ̀nà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pẹ̀lú Ta L'ó Gbé Ọmọ Ọba? ní 1971. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974, nípa ìfẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ilé ìwé kà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìdánwò kankan níwájú náà kà wọ́n. Ní 1984 ni àkójọ èdè-ìperí Yorùbá jáde, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti ibùdó ìtàn. Àwọn orúkọ wọ̀nyí wúlò fún ẹni tí ń ṣe àlàyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà kí orúkọ tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan Alímọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Alímọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni, abúlé àti oko ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 2006, iye ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ náà ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní 2003 ìpínlẹ̀ Èkó ti pín in sí mẹ́fà, Ìkòtún àti Ìgàndó sì wà papọ̀ nínú ọ̀kan. Àwórì onílẹ̀, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ ń gbé inú ọgbà kan náà, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Onílé àti ayálégbé, ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tí ó ra ilẹ̀: ìtàn kò wọ́n níbẹ̀. Bí Thomas bá wà láàyè, orúkọ òpópó ibẹ̀ ni ìbá kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ní 2018, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n òfin lè mú kí ọmọ ra ìwé. Kò lè mú kí ìyá rẹ̀ tí ń tajà ní ọjà Ìkòtún béèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ilé ìwé nìkan bá kù fún ìtàn àròsọ wa, ọjọ́ tí ìjọba bá yí ètò ẹ̀kọ́ padà ni ìtàn náà yóò di aláìníbaba. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí kò ju èyí lọ: kí ẹni tí ń kọ̀wé ní Alímọ̀ṣọ́ ka orí kan sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò ní ìdánwò kankan níwájú wọn, kí ó dákẹ́, kí ó sì máa wò bóyá ẹnikẹ́ni yóò ní kí ó máa kà á lọ.