Ọwọ́ Ọmọdé, Ọwọ́ Àgbà, àti Iṣẹ́ Àjọṣe Orí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí kọ́ ọmọdé ní ìtẹríba, ṣùgbọ́n àgbà ni apá kejì rẹ̀ ń bá wí. Ẹnu akèǹgbè kò fẹ̀. Bí ohun kan bá há sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ kékeré ló máa yọ ọ́. Àgbà tó bá lé ọmọdé, ara rẹ̀ ló fi ohun inú akèǹgbè dù.

Ó yẹ kí àwọn alábòójútó iṣẹ́ open source ronú sí òwe yìí. Open source ni ètò kọ̀ǹpútà tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi inú rẹ̀ pamọ́: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ṣe di iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 2016, Gustavo Pinto, Igor Steinmacher àti Marco Gerosa yẹ ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé àwọn tó ṣèrànwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mú wá kò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn á ní kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Àmọ́ àṣìṣe tí ẹni tó ń lo ètò kan lójoojúmọ́ rí, ẹni tó kọ ọ́ lè má rí i láéláé.

Ẹ wo YorubaName.com, àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tó ṣí ní 2016. Àwọn tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lè tún ètò rẹ̀ ṣe lórí GitHub, ibùdó orí ayélujára tí àwọn tó ń kọ ètò ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ náà lè fi orúkọ kan ránṣẹ́, kí àwọn olóòtú yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú Ìgbájọ ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí orúkọ kan bá wà nínú ìdílé kan níbẹ̀ tó ti ìgbà ogun náà wá, olóòtú tó wà ní Èkó kò lè mọ ìtàn rẹ̀ bí ìyá àgbà tó ń jẹ́ ẹ. Ìyá yìí kò ní di òṣìṣẹ́ ètò náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìgbájọ Polytechnic ló sì máa bá a tẹ̀ ẹ́. Bí àyè bá wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, orúkọ náà á wọlé. Bí kò bá sí, ìtàn rẹ̀ lè bá ìyá lọ.

Báwo la ṣe ń ṣe àyè? Kí alábòójútó gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí ó sàmì sí èyí tí àlejò lè ṣe. Kí ó kọ ìlànà rẹ̀ ní èdè tó yé àlejò. Bí iṣẹ́ bá dé, kí ó tètè fèsì, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é síbẹ̀. Àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ dẹ̀. Pẹpẹ tí ọwọ́ àgbà tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni kí ó yẹ̀ wò, kí ó má bi ẹni náà pé ìgbà mélòó ló ti wá.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó máa wá ẹni tí yóò dúró tì yín, ẹ kọ́kọ́ pèsè iṣẹ́ tí ènìyàn lè jókòó lẹ́ẹ̀kan parí.