Àmì Kékeré Lára Lẹ́tà Lásán

Kí a tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà ní ìpamọ́, ó yẹ kí a béèrè bóyá àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò lè kà á. Ìbéèrè yìí ti ń bá àwa ará Okun bọ̀ láti 1854, nígbà tí S. W. Koelle, ajíhìnrere ará Jámánì tí ó bá ẹgbẹ́ C.M.S. ṣiṣẹ́ ní Freetown, tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde. Ẹnu àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n sì ti di òmìnira ní Sàró, ni ó ti gba ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàgbà wà níbẹ̀, Ọ̀wọ́rọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìjùmú, tí ó kọ ní Dsumu, nítorí pé d àti s ni ó so pọ̀ fún ìró tí àwa ń fi j kọ. Ẹni tí ó bá mọ ìlànà rẹ̀ lè kà á títí di òní.

Ní 1855, Karl Richard Lepsius fi irú ètò bẹ́ẹ̀ lélẹ̀: dípò kí a máa dá lẹ́tà tuntun, kí a fi àmì sí orí tàbí abẹ́ lẹ́tà Róòmù. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tí ìpàdé Èkó ti 1875 fọwọ́ sí kò jìnnà sí èrò yìí.

Àmì náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Okun ni a fi ń kí ara wa ní Kabba, ní Mọ̀pà àti ní Ìsánlú, òun ni wọ́n sì fi sọ wá lórúkọ. (B méjì inú Kabba jẹ́ àṣà àtijọ́ tí àkọtọ́ 1974 kò gbà wọlé, ìlú kò fi í sílẹ̀.) Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, òkun, okùn àti ọ̀kùn yóò di ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀: omi ńlá, ohun tí a fi ń di ẹrù, àti kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé ọwọ́ wa, àwọn kan mú àmì tí a kì í lò, wọ́n yí àwòrán rẹ̀ padà sí ẹ tàbí ọ́. Lórí bébà, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbé fáìlì náà lọ sórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, wúruwùru ni ìwọ yóò rí. Mo ti rí àkójọ ọ̀rọ̀ Bùnú kan tí ó bàjẹ́ báyìí. Àwọn àgbà tí a gbà á lẹ́nu wọn ti kú. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa èyí tí í ṣe ẹ nínú rẹ̀.

Unicode, tí ẹ̀dà kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1991, padà sí ọgbọ́n Lepsius: ẹ́ kò ní ààyè kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹ ni a ó kọ, a ó sì gbé àmì ohùn òkè lé e lórí. Ní 2004, John Gruber, ará Amẹ́ríkà, gbé Markdown jáde. Àmì # ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ń fi àkọlé hàn, ìràwọ̀ méjì ní iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ sì ń sọ pé kí ó dúdú ju ìyókù lọ. Bí ẹ̀rọ tí ó mọ̀ ọ́n bá tilẹ̀ parẹ́ láyé, ojú lásán yóò kà á.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Owé àti Ìjùmú nìyí: # àti orúkọ ìlú, ìràwọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká, ìtumọ̀, ọdún. Kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n má ṣe tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Koelle, tí kì í ṣe ọmọ wa, fún Ìyàgbà àti Ìjùmú ní ààyè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.