Láti Jídà dé Mẹ̀dínà: kìlómítà mélòó, wákàtí mélòó?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Hájì láti Takon, Sakété tàbí Pobè, Kútọnu ló máa ń kọ́kọ́ lọ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti ibẹ̀ dé Jídà (Djeddah), ó tó kìlómítà 4300. Tí ọkọ̀ ò bá dúró lọ́nà, á gbà tó wákàtí márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà. Àmọ́ Jídà kọ́ ni Mẹ́kà o. Mẹ́kà ò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tiẹ̀. Jídà tàbí Mẹ̀dínà ni ọkọ̀ àwọn aláàjì máa ń balẹ̀ sí, ọ̀nà sì jìn láàrin àwọn ìlú méjèèjì.

Lójú ọ̀run tààrà, Jídà sí Mẹ̀dínà tó kìlómítà 325. Ọkọ̀ òfuurufú ń lo bíi wákàtí kan. Ẹlòmíì á ní, ṣebí ọkọ̀ òfuurufú ń sáré ju kìlómítà 800 lọ ní wákàtí kan, kí ló wá ń pẹ́ ṣe? Kò tíì gòkè tán tó fi ní láti máa sọ̀kalẹ̀ ni, kì í sì í sáré tó bẹ́ẹ̀ tó bá ń gòkè tàbí tó bá ń sọ̀. Ẹ tún fi àkókò tí èèyàn máa fi dúró ní pápá ọkọ̀ kún un.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ aláàjì máa ń wọ̀. Ojú títì lé díẹ̀ ní kìlómítà 400, bíi Kútọnu sí Parakou, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún sì ni. Láti ọdún 2018, ọkọ̀ ojú irin kan tún wà tó ń ti Mẹ́kà gba Jídà lọ sí Mẹ̀dínà. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 450, ọkọ̀ ń sá tó 300 ní wákàtí kan, ó sì ń dé láàrin wákàtí méjì àti díẹ̀. Ojú irin tiwa láti Kútọnu dé Parakou, kìlómítà 438 ni. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wọ̀ ọ́ rí, ẹ fi wéra!

Ẹ tètè béèrè ìlú tí ọkọ̀ yín máa balẹ̀ sí, torí aṣọ ìhírámù. Tó bá jẹ́ Jídà, tí ẹ sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Mẹ́kà tààrà (bíi kìlómítà 80), ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ìhírámù wọ̀ kí ọkọ̀ tó kọjá mìkáátì, lójú ọ̀run níbẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni kí aṣọ náà wà. Tó bá wà nínú ẹrù ńlá tí wọ́n kó sísàlẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ yín ò lè tó o mọ́. Tó bá jẹ́ Mẹ̀dínà lẹ kọ́kọ́ dé, ẹ fọkàn balẹ̀: ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kúrò níbẹ̀ lọ sí Mẹ́kà lẹ máa tó wọ̀ ọ́, ní Dhul-Hulayfah, tí wọ́n tún ń pè ní Abyar Ali, ní ẹ̀yìn ìlú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, aago tiwọn fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Ọkọ̀ tó gbéra ní Kútọnu ní aago mẹ́wàá alẹ́ á balẹ̀ sí Jídà ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ tiwọn, aago mẹ́rin òru tiwa nìyẹn. Wọ́n á ṣì tò fún pásípọ́ọ̀tù, wọ́n á gba ẹrù, wọ́n á wá bọ́ọ̀sì. Tí fóònù bàbá tàbí ìyá ò bá lọ títí di ọ̀sán, ẹ má tíì máa sunkún.