Iná Aláwọ̀ Ewé àti Ewédú Inú Ilé ní Thamesmead

Ní àsìkò Kérésìmesì, oòrùn kì í yọ ní Woolwich, ní London, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ojúmọmọ kì í pé wákàtí mẹ́jọ. Ní Èkó, yípo ọdún, kì í jìnnà sí méjìlá. Ìgbà òtútù bẹ́ẹ̀ ni ewédú ń bá pàdé nínú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé fúláàtì ní Thamesmead, ìlú tí Greater London Council kọ́ sórí àbàtà etí odò Thames, tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ kó dé ní 1968, tí Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ lónìí. Kí ó tó ga dáadáa, ó ti tanná yẹ́lò kéékèèké. Ewé rẹ̀ kò fẹ̀, igi rẹ̀ ti le, kò sí ohun tí ìjábẹ̀ máa rí fọ́ níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbin nǹkan sínú ilé a máa gba ara wọn nímọ̀ràn pé kí òru ewéko ṣókùnkùn biribiri. Bí ènìyàn bá fẹ́ bomi rin ín lóru, kó tan iná aláwọ̀ ewé, torí pé ewéko kì í rí i. Ìdajì òótọ́ ni. Fún ewédú, ìmọ̀ràn náà tilẹ̀ ń ṣini lọ́nà.

Ewéko ń rí i. Ewé máa ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yìí padà, òun ló jẹ́ kí ojú wa rí ewé bó ṣe rí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ló ń gbà sára. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, McCree, dán oríṣi irúgbìn 22 wò, ó sì fi hàn ní 1972 pé wọ́n ń fi í ṣe oúnjẹ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ òru kì í ṣe ti oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ òǹkà ni. Garner àti Allard ti fi tábà kan tí wọ́n ń pè ní Maryland Mammoth hàn ní 1920 pé gígùn ọjọ́ ló ń sọ ìgbà tí ewéko máa tanná. Ní 1938, Hamner àti Bonner rí i pé òru gan-an ni ewéko ń kà: bí iná bá tàn fún ìgbà díẹ̀ láàárín òru, òǹkà náà dàrú. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ewé ni phytochrome, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Beltsville, Maryland, tú àṣírí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ní nǹkan bíi 660 nm, ló ń jí i jù. Aláwọ̀ ewé kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàìní agbára. Meng àti Runkle ní Michigan State University fi hàn ní 2019 pé bó bá ṣe pọ̀ sí ni ipa rẹ̀ lórí títanná ṣe máa tó.

Kí ló wá dé tí iná yìí fi wúlò? Ojú ènìyàn ni. Nǹkan bíi 555 nm, tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ni ojú wa ń rí jù lọ́sàn-án, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì bàìbàì ti tó láti fi bomi rin ìkòkò láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó bá so iná aláwọ̀ ewé mọ́ ògiri, tó sì jẹ́ kó tàn mọ́jú, kò ṣe ohun kan náà rárá.

Ó tún ku ìbéèrè tí ìmọ̀ràn yẹn kì í bi: ewéko wo? Poinsettia tí wọ́n ń tà nígbà Kérésìmesì àti kalanchoe nílò òru gígùn kí wọ́n tó tanná, òdòdó wọn la sì ń fẹ́. Ní pálọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ti ń tàn di ọ̀gànjọ́, tí iná títì sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó tọ́ kí ènìyàn ṣọ́ òkùnkùn wọn. Òru gígùn náà ló ń mú ewédú tanná, ṣùgbọ́n ewé la fẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń dáàbò bo òkùnkùn ewédú, òdòdó ló ń gbìn. Iná funfun tàbí pupa ló yẹ kó fi fa ọjọ́ gùn, kó tó wákàtí mẹ́rìnlá, kí yàrá má sì tutù tó 15°C, torí pé ewédú kì í dàgbà mọ́ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti ṣọkọ̀: ó ń tètè tanná bí ọjọ́ bá kúrú.

Ní oṣù Kẹfà, kò sẹ́ni tó nílò iná kankan: ojúmọmọ London ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ. Àárín oṣù Kẹsàn-án ni kí onílé bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná.