Iṣẹ́ Abẹ Èrìgì: Láti Ìgbà Az-Zahrawi Títí Di Òní

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó dá ènìyàn, tó fún un ní ahọ́n, ètè àti eyín. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn láàrin àwọn Mùsùlùmí gbòòrò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ ọ́ tán nínú ìwé kékeré yìí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Nítorí náà, ibi kan ṣoṣo ni mo mú nínú rẹ̀: èrìgì, ìyẹn ẹran tó yí ìdí eyín ká, àti bí wọ́n ṣe ń fi abẹ tọ́jú rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, kí ló kan aáfà kan èrìgì? Ẹ ṣe sùúrù. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń dùn kò lè ké Kùránì bó ṣe yẹ, kò lè jẹ sààrì gbádùn, oorun ẹnu rẹ̀ á sì máa lé ẹni tó bá a tò ní sọ́ọ̀fù. Mo máa ń rí àwọn ará wa tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi pákò fọ eyín, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Bí dókítà eyín bá wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ ló kù, wọ́n á sá. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, á sì máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀rù ló fà á. Mo fẹ́ kí ìtàn bá wa lé ìbẹ̀rù náà lọ.

1. SÌWÁÁKÌ LÓ ṢÁÁJÚ

Kí á tó dé ọ̀rọ̀ abẹ, ẹ jẹ́ ká rántí pé ìmọ́tótó ni ẹ̀sìn wa fi ṣáájú. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah, Ànábì jẹ́ kó yé wa pé ìnira tí yóò bá ìjọ òun nìkan ni kò jẹ́ kí òun sọ sìwáákì di dandan ní gbogbo ìgbà ìrun. Ìyá wa Aisha sì ròyìn pé ní wákàtí ìkẹyìn Ànábì láyé, sìwáákì ló wojú rẹ̀, òun sì bá a fi ẹnu rọ̀ ọ́ kó tó lò ó.

Àwọn onímọ̀ òde òní ti fi ojú rí ohun tí àṣẹ yìí ń dènà. Lọ́dún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Aarhus, orílẹ̀-èdè Denmark, ní kí àwọn èèyàn 12 tí èrìgì wọn dára má fọ eyín mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èrìgì gbogbo wọn fi pọ́n, tó wú. Bí wọ́n ṣe padà sí fífọ eyín, láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́ ló ń dá àìsàn yìí sílẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, á le bí òkúta, á wọ abẹ́ èrìgì lọ, èrìgì á ṣí kúrò lára eyín bí àpò, egungun tó di eyín mú á sì máa jẹ dànù. Kékeré la ti ń pa ẹ̀kan ìrókò.

2. AZ-ZAHRAWI NÍ ANDALUS

Bó bá ti kọjá ohun tí sìwáákì lè ṣe ńkọ́? Ibẹ̀ ni a ti fẹ́ pe orúkọ Abu al-Qasim Khalaf ibn Abbas az-Zahrawi. Ìlú Madinat az-Zahra, tí Khalifa Abd ar-Rahman Kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lẹ́bàá Kọ̀dóbà lọ́dún 936, ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1013 ló kú. Ìwé tó kọ, Kitab at-Tasrif, pín sí apá 30, apá tó gbẹ̀yìn ni ti iṣẹ́ abẹ. Ó ya àwòrán irinṣẹ́ bíi 200 síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí alágbẹ̀dẹ yóò ṣe rọ wọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí lórí èrìgì. Ó ní nǹkan líle kan a máa gan mọ́ eyín nínú àti lóde, àti láàrin èrìgì, á dúdú tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kó ní àwọ̀ ewé, ìbàjẹ́ rẹ̀ á sì ràn mọ́ èrìgì. Ó ní kí oníṣègùn gbé orí aláìsàn sórí itan rẹ̀, kó ha á títí kò fi ní kù. Bí kò bá tán lọ́jọ́ kìíní, kó padà sí i lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Irin ìha eyín 14 ló ya àwòrán wọn, nítorí irin tí wọ́n fi ń ha inú kọ́ ni wọ́n fi ń ha òde.

Bí ẹran bá hù sórí èrìgì, ó ní kí wọ́n fi ìwọ̀ gbé e, kí wọ́n gé e láti ìdí, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà, kí wọ́n wá bu ìyẹ̀fun oògùn tó ń fún ojú egbò pọ̀ sí i. Bó bá tún hù, kí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n fi irin gbígbóná jó ìdí rẹ̀. Eyín tó bá ń mì, ó ní kí wọ́n fi okùn wúrà so ó mọ́ àwọn tó dúró ṣinṣin. Ó yan wúrà ju fàdákà lọ nítorí pé fàdákà a máa bàjẹ́ lẹ́nu.

Ohun tó wú mi lórí jù ni sùúrù ọkùnrin yìí. Ó bínú sí àwọn onígbàjámọ̀ tó ń kù gìrì yọ eyín, tí wọ́n á yọ èyí tó dára, wọ́n á fi èyí tó ń dunni sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú gbogbo ìtọ́jú mìíràn. Ṣebí àwọn kan ṣì wà láàrin wa tó jẹ́ pé bí eyín bá ti dùn wọ́n báyìí, «ẹ bá mi yọ ọ́» ni?

3. BÍ ÌMỌ̀ NÁÀ ṢE RÌN

Ìmọ̀ kì í jókòó sójú kan. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Gerard ará Cremona túmọ̀ apá iṣẹ́ abẹ inú ìwé náà sí èdè Látìn ní Toledo, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yúróòpù sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1465, Sabuncuoğlu ní ilẹ̀ Túrkì gbé ìwé iṣẹ́ abẹ jáde ní èdè tirẹ̀, orí ìpìlẹ̀ Az-Zahrawi ló kọ́ ọ lé. Lọ́dún 1728, Pierre Fauchard gbé ìwé ìtọ́jú eyín jáde ní Paris.

Àmọ́ ìrora ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 1846 ni William Morton, oníṣègùn eyín, fi oògùn ether mú kí aláìsàn sùn ní Boston kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Lọ́dún 1943, Nils Löfgren ní Sweden ṣe lidocaine, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú ibi kan ṣoṣo kú nígbà tí èèyàn ṣì wà lójúfò. Ní Sweden yìí kan náà, Leonard Widman ti kọ̀wé lọ́dún 1918 nípa bí wọ́n ṣe lè ṣí èrìgì sẹ́yìn bí aṣọ, kí wọ́n fọ gbòǹgbò eyín mọ́, kí wọ́n sì rán an padà. Ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú àtúnṣe, ni wọ́n ṣì ń tọ̀ lónìí.

4. ÌMÚRASÍLẸ̀

Dókítà kì í ṣàdédé mú abẹ. Á kọ́kọ́ ha eyín títí dé abẹ́ èrìgì, bí Az-Zahrawi ti wí, á sì fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó jinná. Lẹ́yìn náà ló máa ń wọn àpò tó wà láàrin eyín àti èrìgì. Èyí tó dára kì í ju mìlímítà 3 lọ. Èyí tó bá ṣì jìn tó 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Kí ẹni tó ń lọ sọ òótọ́ fún dókítà: bó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, bó bá lóyún, bó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti àgúnmu tó ń lò nílé. Kó má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ̀. Àtọ̀gbẹ tí a kò káwọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Sìgá náà rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń mu ún, kó jáwọ́. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ lò, kó jẹun kó tó lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní oògùn oorun, kó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ nípa oúnjẹ, kó sì mú ẹni tí yóò sìn ín wálé dání.

5. LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Bí oró abẹ́rẹ́ náà bá ti ń lọ, ìrora díẹ̀ á dé. Oògùn tí dókítà kọ ni kó lò. Kó fi yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóde, bí ìṣẹ́jú 20, kó gbé e kúrò, kó tún fi í lé e. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sun, kó fi aṣọ ìwégbò tó mọ́ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 láìyọ ọ́ wò. Oúnjẹ rírọ̀ tó ti tutù ni kó jẹ: ẹ̀kọ, àmàlà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gúgúrú, ẹ̀pà, ata púpọ̀ àti ẹran líle, kó fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ kìíní, kó má fi agbára yọ omi lẹ́nu, kó má sì tutọ́ kíkankíkan. Kó má fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan ojú egbò títí dókítà yóò fi ní ó yá. Àwọn eyín yòókù ni kó máa fọ̀. Wọ́n lè fún un ní chlorhexidine pé kó máa fi yọ ẹnu. Wọ́n sábà máa ń tú okùn tí wọ́n fi rán an láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kí ó má ya á lẹ́nu bí eyín bá dà bí èyí tó gùn sí i, tàbí bí omi tútù bá ń ta á. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, bí ìwú bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, bí ọyún tàbí ibà bá dé, kó padà sọ́dọ̀ dókítà kíákíá.

6. ÀLÙWÀLÁ, ÌRUN ÀTI ÀÀWẸ̀

Wọ́n á bi mí pé, báwo ni ti àlùwàlá? Ní ojú ọ̀nà Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀, sunna ni yíyọ omi sẹ́nu, kì í ṣe fárílá. Ẹni tí dókítà bá ní kó má yọ ẹnu, àlùwàlá rẹ̀ kò bàjẹ́. Bí títẹríba lọ sílẹ̀ bá ń mú ẹ̀jẹ̀ dà, ẹ̀sìn ti fàyè gbà á kó jókòó kírun títí ara á fi yá. Ní ti ààwẹ̀, Kùránì nínú Súrà Baqara ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Bí kò bá jẹ́ kánjúkánjú, kó bá dókítà ṣètò kí ọ̀sẹ̀ ìwòsàn má bọ́ sínú Ràmàdáánì.

ÀSỌKÁGBÁ

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, àwa Mùsùlùmí fẹ́ràn ká máa fi àwọn aáfà ìṣáájú yangàn pé àwa la kọ́ ayé níṣègùn. Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ bí àwa fúnra wa bá ń sá fún ìwòsàn? Ànábì pàṣẹ fún wa ká wá ìtọ́jú, ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsí oògùn rẹ̀, àfi ogbó. Ìtọ́jú eyín wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní LUTH l'Ékòó, ó wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ifẹ̀. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kó lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ìrìn tó bá tètè rìn lè má dé ìdí abẹ rárá.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní àlàáfíà ara, kó má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa fa ìpalára sí ara wa. Àmín.