*ÒGÓGÓRÓ ÀTI EGBÒ INÚ ÌGÒ: ÌTÀN TÓ YẸ KÍ GBOGBO ILÉ MỌ̀*

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ìgò kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé: egbò, ata ilẹ̀, aáyù tàbí orógbó tí a rẹ sínú ògógóró. Àwọn kan ń mu ún nítorí jẹ̀díjẹ̀dí, àwọn mìíràn nítorí ẹ̀yìn ríro. Gbogbo wa la mọ orúkọ egbò inú rẹ̀. Ọtí ńkọ́? Ta ló mọ ibi tó ti wá?

*Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀*
Omi àti omidùn ni àwọn baba ńlá wa sábà máa ń fi ṣe àgbo. Ẹmu, ọ̀gùrọ̀ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ọtí wọn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló kó jíìnì dé láti Hollandi àti Jámánì. Àwọn ènìyàn rí i pé ọtí líle máa ń tètè fa oje egbò jáde, kì í sì í jẹ́ kó bàjẹ́.

Ní 1919, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain, nílẹ̀ Faransé. Àdéhùn náà ka pípọn ọtí líle léèwọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó wọ́n gógó ní nǹkan bí 1930, àwọn ará wa ń gbé ọ̀gùrọ̀ kaná nínú àgbá, wọ́n ń gba ooru rẹ̀ nínú páìpù gba inú omi tútù kọjá, ó sì ń kán sínú ìgò. Ògógóró nìyẹn. Ìjọba ní májèlé ni, wọ́n ń fọ́ àgbá, wọ́n ń ju ènìyàn sẹ́wọ̀n. Àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́, torí wọ́n mọ̀ pé owó ibodè orí jíìnì òkèèrè ń wọlé fún ìjọba yẹn dáadáa. Inú igbó àti etí odò ni wọ́n wá ń pọn ọn sí. Ohun tí a bá sì ń ṣe níkọ̀kọ̀, kò sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

*Òde-Ìrèlè, 2015*
Ní oṣù kẹrin 2015, orí ń fọ́ àwọn kan ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú wọn ń ṣú, wọn kò ríran mọ́, ọ̀pọ̀ sì kú kí ọjọ́ kejì tó pé. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ògógóró ni. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún kan náà.

Methanol jọ ọtí gidi. Ojú kò lè dá a mọ̀, imú kò lè gbọ́ ọ yàtọ̀. Nínú ara ló ti ń di oró tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Egbò kò lè pa á. Kódà, àwọ̀ àti ìkorò egbò ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

*Kí ni ká ṣe?*
✅ Omi ni kí ẹ fi se àgbo yín.
✅ Ẹ má ra ọtí tí ẹ kò mọ ẹni tó pọn ọn, pàápàá èyí tó pọ́ọ́kú jù.
✅ Aláboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.
✅ Bí ojú ẹni tó mu ọtí bá ń ṣú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tàbí lọ́jọ́ kejì, ẹ má fún un ní àgbo mìíràn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Ògógóró kọ́ ni ọ̀tá wa, egbò náà kọ́. Ohun tí a kò mọ̀ nínú ìgò ló ń pani.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa o. 🙏