Ọjọ́ Tí Biniam Girmay Kò Dúró De Ẹnikẹ́ni

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kẹta, ọdún 2022

Lóru mọ́jú ọjọ́ náà, àwọn ará Yúróòpù ti sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan. Nítorí náà, bí àwọn ará Igbóbì ní Èkó ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀nà Ìkòròdú ṣì dá láti Fadéyì dé Onípànù, àwọn agunkẹ̀kẹ́ ti kún ìlú Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ìdíje Gent–Wevelgem ni wọ́n fẹ́ gùn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1934. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n kìlómítà 249 ni. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Igbóbì lọ sí Ìbàdàn, tó sì tún gùn ún padà wálé lọ́jọ́ kan náà, yóò mọ bó ṣe ń rí lára.

Èèyàn méje ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú wá. Jumbo-Visma ni gbogbo ojú ń wò. Wout van Aert, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó gba ìdíje yìí ní 2021, ni olórí wọn. Christophe Laporte, ọmọ Faransé, ló ṣìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, àwọn méjèèjì ti fi gbogbo ayé sẹ́yìn ní ìdíje E3, wọ́n sì jọ dé òpin, ọwọ́ lọ́rùn ara wọn. Trek-Segafredo náà mú ọ̀gá méjì wá: Mads Pedersen, tó gba Gent–Wevelgem ní 2020, àti Jasper Stuyven, tó gba Milan–San Remo ní 2021.

Biniam Girmay wà láàárín wọn. Ọmọ Asmara ní Eritrea ni, ọmọ ọdún 21. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kó pé 22. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Intermarché-Wanty-Gobert, kò lówó tó àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyẹn. Ipò karùn-ún ló ṣe ní E3. Ó ti pinnu pé lẹ́yìn ìyẹn, ilé yá, kí òun lọ rí ìyàwó àti ọmọ òun. Ó wá gbà láti gun ẹyọ kan sí i kó tó lọ.

Wákàtí kìíní àti ìkejì

Ilẹ̀ tẹ́jú. Àwọn díẹ̀ kọ́kọ́ ya lọ, ọ̀wọ́ ńlá sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹni tí kò mọ eré yìí yóò béèrè pé kí ló dé tí wọn kò lé wọn. Atẹ́gùn ni ìdáhùn. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gba atẹ́gùn. Ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́kadà tó bá sá sẹ́yìn mólúè lọ́nà Ìkòròdú láyé ọjọ́un ṣe máa ń rí i pé atẹ́gùn dákẹ́ lójú òun. Agbára àwọn díẹ̀ yóò tán kí ti ọ̀pọ̀ tó tán, nítorí náà ọ̀wọ́ ńlá kò kánjú.

Wọ́n gba De Moeren kọjá, pápá gbalasa tí igi kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Gbogbo agunkẹ̀kẹ́ ló ń bẹ̀rù atẹ́gùn ìdíje yìí: ní 2015, ìjì gbé àwọn kan sọ sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Torí ìyẹn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe máa ń tò yí olórí wọn ká níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ara tiwọn ṣe ògiri fún un. Orúkọ wọn kì í jáde nínú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ láìsí wọn, olórí kò lè dé ibi tí wọ́n ti ń jà.

Wákàtí kẹta àti ìkẹrin

Òkè bẹ̀rẹ̀. Kemmelberg ni baba wọn. Gíga rẹ̀ kò ju mítà 156 lọ, ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà rẹ̀, ó sì dúró gangan débi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kì í lè yí pẹ́dálì mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gùn ún lọ́jọ́ náà. Láàárín rẹ̀, wọ́n gba àwọn ọ̀nà eléruku àyíká Ploegsteert, níbi tí àwọn sójà ti wa kòtò ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn tó kọ́kọ́ ya lọ ń rẹ̀, ọ̀wọ́ ńlá sì ń kéré sí i.

Wákàtí karùn-ún

Ó ku bíi kìlómítà 34 nígbà tí wọ́n dé Kemmelberg ìkẹyìn. Van Aert tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀wọ́ náà fọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òkè wọ́n tún kó jọ. Nígbà tó ku bíi 24, Laporte ya lọ. Àwọn mẹ́ta pere ló bá a lọ: Stuyven, Dries Van Gestel ti TotalEnergies, àti Girmay.

Ìdí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà níhìn-ín. Van Aert wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yá, ṣùgbọ́n Laporte tirẹ̀ wà níwájú. Bó bá lé wọn, ẹgbẹ́ ara rẹ̀ ló ń lé. Pedersen náà wà lẹ́yìn, Stuyven tirẹ̀ sì wà níwájú. Àwọn méjì tó lágbára láti pa àlàfo náà rẹ́ káwọ́ lẹ́rán. Àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni níwájú ló wá ń ṣe wàhálà, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá lé wọn bá, Van Aert tó ti sinmi ni yóò jẹ ẹ́. Ló bá di pé kálukú ń wojú ẹnìkejì, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fi òógùn tirẹ̀ sin ẹlòmíràn.

Àwọn òǹwòran máa ń bínú sí irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní ojo. Kì í ṣe ojo. Bí Van Aert bá lé Laporte, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà wà níbòmíràn: Jumbo-Visma àti Trek ti fi gbogbo ìrètí wọn lé ẹyọ ẹnìkọ̀ọ̀kan lórí, wọ́n sì ti de ọwọ́ àwọn tó kù. Bí ẹni iwájú bá kùnà, kò sí ohun tí ẹni ẹ̀yìn lè ṣe mọ́.

Ààbọ̀ wákàtí tó kẹ́yìn

Àwọn mẹ́rin náà ń gba iwájú lọ́wọ́ ara wọn, nítorí àlàfo wọn kéré. Nígbà tí wọ́n wọ Wevelgem, ìfura dé. Laporte ni ọ̀pọ̀ ń retí. Òun ló yára jù nínú wọn lójú àwọn tó mọ eré. Girmay bọ́ sẹ́yìn gbogbo wọn, níbi tí ó ti ń rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé wọ́n ń rí i.

Ó ku bíi mítà 250. Ó jìnnà jù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra. Ẹyẹ kò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀: Girmay gbéra. Nígbà tí Laporte fi máa dáhùn, Girmay ti ní àǹfààní. Laporte sún mọ́ ọn títí dé ìlà, kò kọjá rẹ̀. Van Gestel ṣe ìkẹta, Stuyven ìkẹrin. Wákàtí 5, ìṣẹ́jú 37 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57 ni wọ́n fi gùn ún. Søren Kragh Andersen dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ péré; àlàfo tí Van Aert àti Pedersen ì bá pa rẹ́ ni. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gba Gent–Wevelgem rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ àti ohun tó tẹ̀ lé e

Girmay kò yí ètò rẹ̀ padà. Ó fi ìdíje Flanders ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sílẹ̀, ó kọrí sí Asmara, ìlú sì tú jáde pàdé rẹ̀. Ní 2024, ó gba ìpele mẹ́ta àti ẹ̀wù àwọ̀ ewé ní Tour de France.

Jumbo-Visma náà kọ́gbọ́n. Ní 2023, lójú ọ̀nà Gent–Wevelgem kan náà, Van Aert àti Laporte jọ ya lọ lórí Kemmelberg nígbà tí ìdíje ṣì ku ju kìlómítà 50 lọ, kò sì sẹ́ni tó rí wọn mọ́. Wọn kò fi ẹnì kan ránṣẹ́ síwájú kí ẹnìkejì wá máa ṣọ́ ilé. Van Aert wá fi ipò kìíní sílẹ̀ fún Laporte.

Ẹ̀kọ́ yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní eré kẹ̀kẹ́ ní Ṣómólú, Bàrígà tàbí ibikíbi ní Èkó máa fi lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Ẹ kọ́ wọn láti sá fún atẹ́gùn, láti sin ẹlẹgbẹ́ wọn, láti dúró nígbà tó bá yẹ. Kí ẹ sì kọ́ wọn pé dídúró ní òpin: ẹni tó bá ti rí àyè, kó gbéra kí ẹlòmíràn tó gbé e.